Sùtánà Tó Gbòòrò Nísàlẹ̀

Wọ́n ní àlejò lójú ńlá, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi ni wọ́n ń bá wí. Odidi ọdún tí mo kọ́kọ́ lò ní Òkìtìpupa, ojú mi là kedere, mo ń wo gbogbo nǹkan, n kò sì rí èyí tó wà níwájú mi gan-an, tí mo ń na tépù sí láràárọ̀.

Télọ̀ ni mí. Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Dàhòmì ni wọ́n ti bí mi, níbi tí a ti ń sọ Yorùbá nínú ilé, tí a sì ń fi Faransé bẹ ọlọ́pàá. Ogun Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo di orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi sínú àpò ìdọ̀họ, tí mo sì kọjá sí ìhà ibí. Wọ́n ti sọ fún mi pé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kún fún epo pupa, àti pé àwọn èèyàn ibẹ̀ fẹ́ràn aṣọ funfun. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ẹni tó ń fi epo pupa ṣiṣẹ́, tó tún fẹ́ràn aṣọ funfun, kò lè ṣaláìnílò télọ̀.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ bá mi jà. Púpurú ni wọ́n gbé fún mi lọ́jọ́ tí mo dé, gbágùúdá tí wọ́n ti fi èéfín yan gbẹ kí wọ́n tó rò ó lókèlè. Mo bù ú, mo fi kan ọbẹ̀ ẹja, mo gbé e mì, òórùn èéfín sì gba imú mi jáde. Mo rò pé ilé ń jó. Mo gbójú sókè wo òrùlé. Ọmọbìnrin tó gbé oúnjẹ náà wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Jẹ ẹ́ lọ, iná náà ti kú." Bọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọmọ onílé mi ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn púpurú, ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Èdè wọn tún tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹ̀gbọ́n ẹni tó wọ aṣọ tí a kò rí lára rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n wá, "ghá" ni wọ́n ń wí. Ọmọ ni "ọma", ọwọ́ ni "ọghọ́". Ohùn tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun yẹn kò gbọ́ tèmi. Bí mo bá gbìyànjú rẹ̀, àwọn oníbàárà mi á sáré bu omi fún mi, wọ́n á rò pé egungun ẹja ló há mi lọ́fun. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pe "ghá" dáadáa, ewúrẹ́ kan ló dá mi lóhùn, ó sì wá lóòótọ́. Mo ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọdé wọn máa ń fi "o" bá àgbà sọ̀rọ̀, tí kò sì sí àfojúdi kankan nínú rẹ̀. Nílé wa, wọ́n ti na èèyàn fún irú rẹ̀.

Bàbá Bọ́sẹ̀dé ni olórí ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Bàbá Ìjọ ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ní oko ọ̀pẹ, ó sì ní ohùn tó lè jí òkú. Bó bá ń wàásù, Yorùbá inú Bíbélì ló ń sọ. Bó bá délé tó tú àmùrè rẹ̀, Ìkálẹ̀ ni. Èmi, "Àlejò" ló ń pè mí. "Àlejò, ṣé o jí dáadáa?" "Àlejò, ṣé o ti jẹun?" Kò kórìíra mi, kò kàn ní orúkọ mìíràn fún mi ni. Bí èèyàn bá ń gbọ́ "àlejò" lójoojúmọ́, kódà láti ẹnu ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, ó máa ń dùn ún. Ó dùn mí.

Ohun kan wá yà mí lẹ́nu nípa iṣẹ́ mi níbẹ̀. Gbogbo àgbà ọkùnrin tó bá wá rán sùtánà, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n á jẹ́ kí n wọn èjìká. Wọ́n á jẹ́ kí n wọn apá. Bí tépù bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìbàdí, wọ́n á di ọwọ́ mi mú.

"Fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀, télọ̀. Jẹ́ kó gbòòrò nísàlẹ̀."

Mo bi àgbẹ̀ kan láti Iyansan pé báwo ni kó ṣe gbòòrò tó. Ó wo òkè, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bí Olúwa bá ti fẹ́."

Mo ní àṣà wọn ni. Mo ní ilẹ̀ olómi ni, ooru ń mú, wọ́n fẹ́ kí atẹ́gùn ráàyè wọlé. Mo tilẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, bí ẹni tó ti kàwé nípa rẹ̀.

Èmi náà sì fẹ́ràn àṣà yẹn ju bó ti yẹ kí télọ̀ fẹ́ràn àṣà lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo ní ìpá. Kì í ṣe èyí tó ń ro ni. Omi lásán ni, tó gbára jọ sínú àpò tí ọkùnrin máa ń fi ṣòkòtò bò. Nígbà tí mo wà ní Àjàṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan fi abẹ́rẹ́ fa omi náà jáde, inú mi dùn, mo rán ṣòkòtò tó fún mi lẹ́sẹ̀. Kí ṣòkòtò náà tó gbó, omi ti padà. Wọ́n tún fà á. Ó tún padà, ó sì dà bí ẹni pé ó mú àbúrò rẹ̀ dání lọ́tẹ̀ yìí. Ó di àgbọ́nmágbẹ. Dókítà ibẹ̀ wá ní ó kù kí òun là á. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún ìyá mi. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, n kò sì dúró títí mo fi dé Nàìjíríà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan sá kúrò nílé nítorí ogun, àwọn kan sá nítorí owó orí. Ọ̀bẹ ni èmi sá fún.

Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi. Kì í ṣe ìran ni mo rí tí mo fi di Aládùúrà, kì í sì í ṣe àlá. Sùtánà ni. Aṣọ tó ti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó wà láàárín! Mo rán tèmi gbòòrò ju ti gbogbo ìjọ lọ. Mo ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà, mo ń wọ̀ ọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ, níbi tí mo ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó bí obìnrin tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú rírán mi fi máa ń wọ́ sí apá òsì.

Mo tún kọ́ ìrìn Bàbá Ìjọ. Ẹsẹ̀ yóò yà díẹ̀, ìgbésẹ̀ yóò kéré, ara yóò sì dúró ṣinṣin, bí ẹni tó ru omi kún inú ìkòkò. Mo rò pé ìwà mímọ́ ló ń mú un rìn bẹ́ẹ̀. Ìrìn náà bá mi lára mu gan-an.

Bí àwọn ará bá ń jó nínú ìsìn, tí wọ́n ń fò sókè, èmi yóò dúró gbagidi bí òpó. Wọ́n ní Ẹ̀mí wúwo lára mi. Ohun kan wúwo lára mi lóòótọ́. Bí obìnrin bá rẹ́rìn-ín sí mi lọ́nà, mo máa ń yíjú, kí ọ̀rọ̀ má baà di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Wọ́n ní ọkùnrin yìí kì í wo obìnrin. Bẹ́ẹ̀, ẹni kan wà tí mo ń wò. Bó bá gbé abọ́ wá, tó jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi jẹun tán, mi ò ní rántí pé mo ní ilé kankan ní Àjàṣẹ́. Bó bá sì gbé abọ́ rẹ̀ lọ, ṣọ́ọ̀bù náà á wá gbòòrò, á dákẹ́, èmi àti ẹ̀rọ mi á máa wo ara wa.

Bí ìjọ ṣe gbé mi gorí àga tí mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìwàásù, Bàbá Ìjọ dìde, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wo Àlejò. Kì í bọ́ aṣọ mímọ́. Kì í fò kiri. Kò fẹ́ obìnrin. Ẹni ìyàsọ́tọ̀ ni. Ìjọ wa tó wà ní Akotogbo kò ní olùtọ́jú. A ó fi òróró yàn án, yóò máa gbé inú yàrá ilé àdúrà níbẹ̀, òun àti Ọlọ́run nìkan."

Gbogbo ìjọ ké halelúyà. Èmi náà ké e, ṣùgbọ́n ohùn mi kò jáde dáadáa.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bọ́sẹ̀dé gbé oúnjẹ wá, kò sì jókòó.

"Wọ́n ní o ń lọ Akotogbo."

"Bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ sọ?" Ó gbé abọ́ kalẹ̀ gbì. "Tíṣà kan láti Iyansan ti rán àwọn èèyàn rẹ̀ sí bàbá mi nítorí mi. Ó ní kẹ̀kẹ́. Ó ń wọ ṣòkòtò tó mú un lẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan lo fẹ́ fẹ́, sọ fún mi kí n lè dá wọn lóhùn."

Kí ni mo fẹ́ wí? Kí n ní mo fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ibi gbé ẹrù mi sọ̀? Mo fa abọ́ mọ́ra. Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo jẹ púpurú náà, kò sì ní adùn kankan lọ́jọ́ náà. Nígbà tó padà wá gbé abọ́, tó sì ń lọ lọ́nà, tí ó ń fi ìdí abọ́ òfìfo náà gbá itan rẹ̀, ni mo rí i pé bí mo bá jẹ́ kí omi lásán gba obìnrin yìí mọ́ mi lọ́wọ́, èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe tíṣà.

Ọsibítù ni mo gbà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo wọ sùtánà mi lọ, kí ni mo tún ní? Dókítà, ọkùnrin kan tó sanra tó sì ń yára rìn, pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, wòlíì. Àwọn aláìsàn ti ń retí àdúrà. Ẹ máa bọ̀ níhìn-ín."

Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti fà mí wọ inú yàrá ńlá kan. Mo gbàdúrà fún eegun tó kán. Mo gbàdúrà fún ibà. Mo gbàdúrà fún bàbá kan tí mi ò mọ ohun tó ń ṣe é, tó ṣe "àmín" ju ẹni gbogbo lọ. Nígbà tí mo dé bẹ́ẹ̀dì tó kẹ́yìn, tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, mo jókòó síbẹ̀. Mo ní, "Dókítà, èmi ni mo ni èyí."

Ó pa fèrèsé dé, ó ní kí n gbé aṣọ sókè. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ ìpá náà. Ó mọ́lẹ̀ pupa fòò.

"Ẹ wò ó," ó wí, inú rẹ̀ dùn. "Omi ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìfun ló sọ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò ní là á kọjá báyìí."

Èmi náà wò ó. Àṣé mo ti ń gbé fìtílà kiri láti ọjọ́ yìí wá!

Mo sọ fún un pé wọ́n ti fà á rí, ó sì padà. Mo sọ pé bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni, Àjàṣẹ́ kò jìnnà, mo lè máa sá padà báyìí. Ó bi mí níṣẹ́ mi. Mo ní télọ̀. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ó dáa, yóò yé yín. Àpò yìí ní ìpele méjì, bí ẹ̀wù tó ní aṣọ inú. Àárín méjèèjì ni omi ń dúró sí. Àwọn tó fà á tẹ́lẹ̀ da omi nù, wọ́n fi àpò sílẹ̀. Àpò tó ṣófo, ṣé kò ní tún kún? Èmi yóò fa omi, ṣùgbọ́n kí n tó yọ abẹ́rẹ́, màá gba ojú kan náà fi oògùn sínú rẹ̀. Oògùn yẹn yóò mú kí aṣọ inú lẹ̀ mọ́ aṣọ òde. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ra, níbo ni omi yóò dúró sí?"

"Kò sí lílà?"

"Kò sí lílà. Ṣùgbọ́n yóò wú, yóò sì máa dùn yín fún ọjọ́ mélòó kan kó tó rọ̀. Nígbà mìíràn, a máa ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì."

Télọ̀ ni mí. Ẹnu abẹ́rẹ́ ni mo ti ń jẹun láti kékeré, n kò sì bi aṣọ léèrè rí pé báwo ló ṣe ń rí lára rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni èmi náà di aṣọ. Wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú, lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó mọ́, ó pọ́n díẹ̀, bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ó kún abọ́ kan, wọ́n mú òmíràn wá. Dókítà gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á. Oògùn náà wọlé, ó ta mí díẹ̀, mo pe orúkọ ìyá mi, ó parí. Mo dìde, mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo sì fẹ́ ṣubú. Ara mi ti fúyẹ́ jù fún ìrìn tí mo mọ̀.

Mo rán pátá kan tó fún mi gírígírí, bí dókítà ti wí, mo sì sé ara mi mọ́ yàrá. Ibẹ̀ wú padà lóòótọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo wò ó láàárọ̀, mo wò ó lọ́sàn-án, mo bá a sọ̀rọ̀. Bọ́sẹ̀dé ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, kò kan ilẹ̀kùn. Ìjọ ní tiwọn ti gbọ́ pé Àlejò kò jáde. Wọ́n ní ó ti wọ inú àdádó ìgbàdúrà nítorí iṣẹ́ Akotogbo. Wọ́n wá dúró lábẹ́ fèrèsé mi, wọ́n ń kọrin. Èmi sì nà sórí ẹní, ìrọ̀rí láàárín itan, mo ń dá wọn lóhùn orin. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti di pẹlẹbẹ. Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò rí nǹkan kan tan ìmọ́lẹ̀ sí. Ó ní kí n máa lọ.

Ó ku ìyá mi. Kí n tó lọ sọ́dọ̀ dókítà, mo ti kọ lẹ́tà sí i pé mò ń lọ sí ọsibítù, kí ó lọ dúró ní pósọ́fíìsì Àjàṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé kan báyìí, màá pè é lórí tẹlifóònù. Aládùúgbò wa ló máa ń ka lẹ́tà fún un, n kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ ohun tó ń ṣe mí, nítorí náà n kò kọ orúkọ àìsàn náà síbẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi.

Pósọ́fíìsì Òkìtìpupa kún lọ́jọ́ náà. Mo wọlé, mo rí Bàbá Ìjọ lórí ìlà. Ó wá fi wáyà ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìjọ pé ẹni ìyàsọ́tọ̀ ti ṣe tán fún Akotogbo. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Akọ̀wé pè mí sídìí tẹlifóònù, ó ní akọ̀wé tẹlifóònù ti Èkó ti bá wa wá Àjàṣẹ́. Àwọn kan sọ fún mi pé nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ tó bá ń lọ sí ilẹ̀ tí Faransé ti jọba bíi tiwa máa ń kọ́kọ́ dé òkè òkun kó tó yí padà wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìpá mi ti dé ibi tí èmi fúnra mi kò dé rí.

"Ìyá!" mo pariwo.

"Ọmọ mi! Wọ́n ní o wà ní ọsibítù! Kí ló ṣe ọ́?"

"Ohun àtijọ́ yẹn ni, Ìyá!"

"Ikọ́ ni?"

"Rárá! Ó wà nísàlẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ ni?"

"Ó ga ju ẹsẹ̀ lọ!"

"Orúnkún!"

"Ẹ máa bọ̀ lókè, Ìyá!"

Gbogbo ìlà ti yíjú sí mi. Obìnrin tó ń ra sítáǹbù gbàgbé sítáǹbù sórí ahọ́n. Ìyá mi ní kí n tún un sọ, òun kò gbọ́ mọ́. Akọ̀wé ní Èkó náà kò gbọ́, kí n sọ̀rọ̀ sókè. Mo dijú.

"ÌPÁ NI, ÌYÁ! ÌPÁ!"

Àjàṣẹ́ kò gbọ́ síbẹ̀. Akọ̀wé gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi láti ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọṣẹ́ rẹ̀ ni, Ọlọ́run má bínú sí i. "Hẹ̀lóò, Èkó! Ẹ bá wa sọ fún Àjàṣẹ́ pé ìpá ni! Ìpá! Ì bí Ìbàdàn! P bí Pápáláńtò! Á bí Àkúrẹ́!" Ó dúró díẹ̀, ó mi orí, ó dá a padà fún mi. "Wọ́n ti gbọ́ báyìí."

Gbogbo Òkìtìpupa náà ti gbọ́.

"Ṣé ó ti lọ?" ni ìyá mi ń ké.

Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, mo bá kúkú sọ gbogbo rẹ̀. "Ó ti lọ! Abẹ́rẹ́ ni! Wọn kò là mí! Wọ́n fa omi, wọ́n fi oògùn lẹ àpò pọ̀! Ìyá, mo lè gun kẹ̀kẹ́!"

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́ lórí wáyà. Láti Àjàṣẹ́ sí Òkìtìpupa, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, omi sì lé ròrò sí mi lójú níwájú àwọn èèyàn. Nígbà tó dákẹ́, akọ̀wé tẹ́tí sí tẹlifóònù, ó wá rọra bi mí, "Èkó ní kí n béèrè pé ọsibítù wo ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan náà ní in."

Mo yíjú padà. Bàbá Ìjọ ti ká ìwé wáyà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ó jáde pẹ̀lú ìrìn rẹ̀ yẹn, díẹ̀díẹ̀.

Mo ti ń di ẹ̀rọ mi sínú àpò ìdọ̀họ nígbà tí Bọ́sẹ̀dé dé. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó rí i. Ó rọ̀ mọ́ àpótí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"P bí Pápáláńtò!" ló ń wí. "Kí lò ń di ẹrù sí?"

"Ojú ń tì mí. Bàbá rẹ ti kórìíra mi, gbogbo ìlú ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó o ti dé. Mo ní ùpá ló ń mú àlejò yìí rìn bẹ́ẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Ta ló ń fọ sùtánà bàbá mi? Ta ló ń sá a sórí okùn?" Ó wo ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan o."

Mo jókòó tì í nílẹ̀. Mo rántí gbogbo wọn, àgbẹ̀ láti Iyansan tó wo òkè, àwọn tó di ọwọ́ mi mú, gbogbo aṣọ funfun tí mo ti rán gbòòrò nítorí atẹ́gùn odò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bọ́sẹ̀dé ní kí n gbé ẹ̀rọ mi jáde nínú àpò, òun kò ní fẹ́ tíṣà. Mo gbé e jáde.

Ní ọjọ́ ìsinmi, Bàbá Ìjọ kò fi òróró yàn mí. Ó kàn wí pé, "Àlejò ní ẹ̀rí," ó sì jókòó. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá rí ìwòsàn gbọ́dọ̀ dìde sọ ọ́ ní gbangba. Mo dìde, mo sọ ọ́, láti ibi tọ́ọ̀ṣì dé ibi abẹ́rẹ́. Mo ní mi ò kórìíra ìgbéyàwó, ẹrù ni mo rù. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ọkùnrin kò rẹ́rìn-ín, ńṣe ni wọ́n na ọrùn, wọ́n ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá orin, mo sì jó. Mo fò sókè láàárín ìjọ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo sì balẹ̀ láìsí wàhálà.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní bọ́tìnì já. Wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì. "Abẹ́rẹ́ yẹn... ṣé ó ń dun ni púpọ̀?" Èmi yóò sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ kò wá. Nígbà tí mo lọ bá a nítorí ọmọ rẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ bẹ ìjọ Akotogbo wò, ó sì máa pẹ́ níbẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo ní ó ń sá fún mi ni. Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó lu agogo rẹ̀ sí mi.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọjá. Ní ọ̀sán kan, mo ń tẹ ẹ̀rọ mi, ẹsẹ̀ méjèèjì níwájú bíi ti ọmọlúàbí télọ̀, ojú rírán mi sì tọ́. Mo rí ẹnì kan tó ń bọ̀ kánmọ́kánmọ́ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń súnmọ́ ara wọn. Ó fo kòtò omi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sì rò pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni. Bàbá Ìjọ ni. Ó di aṣọ funfun kan mọ́ abẹ́ apá. Bọ́sẹ̀dé tó jókòó tì mí fi gèlè bo ẹnu.

Bàbá wọlé, ó wo ẹ̀yìn, ó tẹ́ sùtánà rẹ̀ sórí tábìlì mi. Ó gbòòrò bí àtíbàbà.

"Ọma mi," ó wí.

Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Kò sí.

"Ọma mi, bá mi dín in. Ọjọ́ ìgbéyàwó yín ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́." Ó fi ìka wọn ibi tó fẹ́ kí n dé, ó rò ó, ó sún ìka náà padà díẹ̀. "Ṣùgbọ́n má dín in jù o. Kí ìjọ má baà fura."